Ìwé Ìwòsàn Tí Mo Tì Mọ́ Àpótí

Ọmọ mi, kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àwọn tó bá kà á má bínú sí mi, orí mi ò mú nǹkan dání mọ́. Tí mo bá gbé èyí tó yẹ kó ṣáájú sẹ́yìn, kí wọ́n fara dà á. Àmọ́ ti ìyàwó mi, ìyá màmá ẹ yìí, mi ò gbàgbé ẹ̀. Ó wù mí kí n gbàgbé ẹ̀.

Irun ló ń dì. Ní àdúgbò Talladjé wa níbí, tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó, òun ni wọ́n ń wá pè. Ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀, tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́ gbogbo ògiri, ìgbà yẹn ni àìsàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ìka ẹ̀ á funfun bí ẹfun, á tún wá dúdú. A rò pé òtútù ni. Nígbà tó yá, awọ ọwọ́ ẹ̀ le, ó fà pinpin, ìka ò ká mọ́. Ó dé ojú, ó dé ẹnu. Ẹnu ẹ̀ kéré débi pé ṣíbí ńlá ò wọ̀ ọ́. Oúnjẹ ń há a lọ́fun. Dókítà pe orúkọ kan lédè Faransé, mi ò lè pè é. Ó ní awọ ara ló ń le, pé ó lè mú inú náà. Ó fún un ní oògùn.

Fura tí wọ́n fi wàrà pò ló ń rí gbé mì, àti tíì. O mọ tíì wa níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta la ń sè é lórí èédú. Ẹ̀kẹta ni ṣúgà ẹ̀ máa ń pọ̀ jù, òun ló fẹ́ràn. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jà Maourey, níbi tí mo ti ń ta ike àti korobá, èmi fúnra mi ni mo ń sè é. Ṣíbí kékeré ni mo fi ń bù ú sí i lẹ́nu. Á ní, "Baálé mi, ẹ ò lọ́rọ̀ dídùn kankan lẹ́nu, àmọ́ ẹ mọ tíì sè."

Ọjọ́ kan, dókítà ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò. Mi ò béèrè kí ni wọ́n fẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ó gún òmíràn. Ìka ti le bí igi, ó tutù. Ó ń fún ìka náà ṣáá, omi ń bọ́ lójú ìyàwó mi. Mo ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ó tó." Ó kọ nǹkan sínú ìwé ìwòsàn, ó nà án sí mi.

"Bàbá, ohun tí ẹ máa ṣe wà níbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò mọ̀wé. Màmá ẹ ń lọ sílé ìwé nígbà yẹn, ó ń ka Faransé bí ẹní mumi. Mi ò pè é. Wọ́n ti bi ìyá ẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, wọ́n sì kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Nílé tiwa, ọmọ kì í ka irú ẹ̀ nípa ìyá ẹ̀. Mo fi aṣọ di ìwé náà, mo tì í mọ́ àpótí.

Òǹgbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ẹnu ẹ̀ ti ń gbẹ látijọ́, mo ní àìsàn awọ yẹn náà ni. Ó rù, mo ní kò rí oúnjẹ jẹ ni. Ó ń tọ̀ ṣáá, mo ní omi tó ń mu ni. Egbò yọ sí i lẹ́sẹ̀, kò jinná. Ìka ọwọ́ ẹ̀ ti máa ń légbò tẹ́lẹ̀, mi ò kà á sí. Mo fi kún ṣúgà tíì ẹ̀, kó lè lókun.

Ọjọ́ tí kò dá èèyàn mọ̀ mọ́, a gbé e sí takisí. Ọ̀nà jìn. Ní ọsibítù, wọ́n ní ká mú ìwé wá. Mo ti mú un dání látilé; màmá ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú aṣọ tí mo fi dì í, ó kà á.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lápá, ní ọsibítù ńlá, torí ẹ̀jẹ̀ ò jáde níka. Wọ́n ní ṣúgà ni wọ́n fẹ́ wò. Wọ́n ní kó má mu nǹkan dídùn títí wọ́n á fi wò ó."

"Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?"

"Kó tó di ààwẹ̀."

A ti ṣe Iléyá kọjá nígbà yẹn.

Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, irú tó ń mú àgbàlagbà, pé ó ti fara pamọ́ sẹ́yìn àìsàn àkọ́kọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀. Awọ tó ti le yẹn, ojú egbò ò fẹ́ pa dé. Ó lo ọdún méjì sí i. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Àmọ́ tí mo bá bu nǹkan fún un, á kọ́kọ́ yíjú sí màmá ẹ. "Ṣé kí n mu ún?" Tí ìyẹn bá ní kó mu ún, ló tó máa la ẹnu.

Nígbà tó kú, àwọn tó wá kí mi ní mo tọ́jú ìyàwó, pé ọkùnrin mélòó ló ń sè tíì fún aya ẹ̀. Mo ní àmín. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ìwé fún ẹnì kankan.

Ó tó. Fi bírò sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látòkè, kà á sókè fún mi, kí n gbọ́. Má fo ibì kankan, títí kan ibi tó bá tì ọ́ lójú.