Sárà Àfowórà

Bí wọ́n bá lẹ bébà ẹ̀dínwó mọ́ pósí nínú ṣọ́ọ̀bù, méjì ni Baukje máa rà, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún Oebele ọkọ rẹ̀, á sì gbé wọn délé tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tó rí nǹkan he. Ọ̀bẹ wàràkàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tó èyí tí gbogbo ará agbègbè Friesland tí wọ́n ń gbé lè fi gé wàràkàṣì tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó parí. Àbẹ́là olóòórùn dídùn tó kó pamọ́ pọ̀ débi pé eku ilé wọn ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun. Ní ti ìrọ̀rí, kò sẹ́ni tó mọ iye rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó rí òdìkejì wọn rí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Oebele fẹ́ jókòó jẹun, kò rí àga. Ìrọ̀rí ti jókòó sórí gbogbo wọn. Ó dúró gbọnrangandan nídìí wíńdò, ó ń jẹ pòtétò rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń wò ó, torí ní abúlé náà, ẹnì kan kì í fa kọ́tìnì. Ẹni tó bá fa kọ́tìnì, ó ní ohun tó ń fi pamọ́ nìyẹn.

"Baukje," ló wí, "bí ohunkóhun bá tún gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé, èmi á gba ojú wíńdò yìí jáde."

"Ìdajì owó ni wọ́n ta àwọn ìrọ̀rí yẹn."

"Bí wọ́n bá ta orí mi ní ìdajì owó ńkọ́, ṣé wàá rà á?"

Baukje wo orí ọkọ rẹ̀ dáadáa. "Ó ti pá jù," ló fèsì.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó búra pé òun á ṣọ́wó ná. Lọ́jọ́ kejì, ó dijú rìn nínú ṣọ́ọ̀bù kí ojú rẹ̀ má baà rí ohun tí ọkàn á fẹ́. Ó forí gbá òkìtì agolo ẹja, ó sì ra gbogbo agolo tó tẹ̀, wọ́n kúkú ti dínwó rẹ̀. Ibi tó ti wá ń ronú lórí ìjákulẹ̀ yìí, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni ìmọ̀ ti là sí i.

Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo ará abúlé náà ń fi kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí kọ́ sí, kí ènìyàn lè máa rántí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ níbi tí kò ti lè sá lọ. Baukje wo kàlẹ́ńdà náà títí. Orúkọ kan, ẹ̀bùn kan. Orúkọ kan, òdòdó kan, káàdì kan, epo mọ́tò. Ibi tí owó òun ń bá lọ nìyí! Kì í ṣe ìrọ̀rí ló ń jẹ owó òun, ènìyàn ni.

Ó mú báírò pupa. Àǹtí Oebele tó wà nílé àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ gé, torí ìyá yẹn ò léyín tó lè fi jẹ kéèkì mọ́. Ó gé pásítọ̀, ó gé oníbúrẹ́dì. Ó gé àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó dé orí Jikke, aládùúgbò tó kọjú sí ilé wọn, ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná wá fún un lójoojúmọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Báírò náà dúró díẹ̀. Baukje ronú pé ẹsẹ̀ ti san, ọbẹ̀ ti tán. Ó fà á gàààrà. Oebele pàápàá ò yè é, ọkọ ẹni kì í kúkú ṣe àlejò. Orúkọ Baukje fúnra rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, ó sì fi òdòdó kékeré kan sí i lára, nítorí lọ́dún yẹn ni yóò rí Sárà.

Bí obìnrin bá pé àádọ́ta ọdún níbẹ̀, àwọn aládùúgbò ní í ṣe Sárà fún un: ère ìyá arúgbó tí wọ́n ki koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, tí wọ́n wé gèlè fún, tí wọ́n gbé nàró síwájú ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ayé lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dalẹ́. Ènìyàn kì í ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò rí Sárà, ó darúgbó láìsí ẹni tó bìkítà nìyẹn. Láti kékeré ni Baukje ti ń retí tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo láyé tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ tí kò tọ́ kó rà ní ṣọ́ọ̀bù nìyí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Jikke wá mu kọfí. Baukje fún un ní bisikíìtì kan, ó sì dé agolo rẹ̀ pinpin gẹ́gẹ́ bí àṣà. Jikke wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ṣé inú ń run ọ́ ni?" Baukje béèrè nígbà tó jáde.

"Rárá o. Mo ń kàwé ni." Jikke mu kọfí tó kù. "Mo rí i pé o ti ń gé ohun tí ò wúlò dànù."

"À ń gbìyànjú," ni Baukje wí, inú rẹ̀ dùn.

Láti ọjọ́ náà, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gbogbo abúlé bí wọ́n bá ti dé iwájú ilé Baukje. Oníbúrẹ́dì wọlé tọ̀. Pásítọ̀ wọlé tọ̀. Onílẹ́tà, tí kò tọ̀ lójú pópó láti ogún ọdún, wọlé tọ̀. Oníkálukú á pẹ́ níbẹ̀ bíi Jikke.

"Pásítọ̀, ṣé ara yín le?"

"Ara le, ọmọ mi. Ọkàn ló bà jẹ́ díẹ̀."

Baukje gbà pé àrùn ìtọ̀ ló wọ̀lú. Ó ra tíì tí wọ́n fi ń wo àrùn ìtọ̀ ní páálí páálí. Wọ́n ti dínwó.

Kò lọ sí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. "Owó ti dúró," ló ń sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Níbo ló dúró sí?"

Baukje nawọ́ sí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń yan ẹja gbẹ. Oebele kì í jẹ ẹja.

Ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún náà pé. Baukje ti kó ìrọ̀rí sórí bẹ́ẹ̀dì, ó to àga yípo yàrá bí wọ́n ti ń ṣe, kéèkì ńlá wà láàárín. Bí ojúmọ́ ti mọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Pẹ́pẹ́yẹ kan ló wà níwájú ilé. Ó wo Baukje, ó ṣu, ó lọ.

"Bóyá wọ́n sùn gbàgbé," ni Oebele wí.

"Gbogbo abúlé?"

Baukje wọ mọ́tò tòun ti sílípáàsì, ó kọrí sí ìlú Sneek. Sárà onírọ́bà tó tóbi jù lọ ló rà, iye tí wọ́n pè é ló san. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Oebele fa pọ́ǹpù títí ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ yọ bọ́ọ́lẹ̀. Sárà kọjá wíńdò, ó kọjá òrùlé, àwọn atukọ̀ lójú odò rò pé ilé ìmọ́lẹ̀ tuntun ni.

Tọkọtaya jókòó sáàárín àga òfìfo. Ní abúlé náà, gbogbo ẹni tó bá wá síbi ọjọ́ ìbí ló ń kí gbogbo ẹni tó wà nílé kú oríire. Baukje kí Oebele, Oebele kí Baukje, ó tán. Níta, Tjalling ọkọ Jikke ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó dúró, ó ṣí fìlà fún rọ́bà.

"Ẹ kú oríire o, Màmá Sárà," ló wí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, aago ẹnu ọ̀nà dún. Baukje sáré, ọ̀bẹ kéèkì lọ́wọ́. Jikke àti Tjalling ni.

"Ẹ wọlé, kọfí ti wà lórí iná."

"A ò wọlé," ni Jikke wí. "Ṣé o ti lo Sárà yẹn tán?"

"Kí lo wí?"

"Èmi náà á pé àádọ́ta ní Sátidé. Tjalling fẹ́ bá wọn ṣe tèmi, mo ní kó má fowó ṣòfò. Ọ̀dọ̀ rẹ la ti kọ́ ọ. Báírò tó o fi fa orúkọ mi, ìlà rẹ̀ gún gan-an."

Baukje bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀. Oebele ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Àwọn àga yẹn ńkọ́?" Tjalling fi kún un. "Ẹ ò kúkú lò wọ́n."

"Ẹ mú wọn," ni Baukje wí.

Tjalling yọ ìdérí Sárà. Sárà só títí gbogbo òpópónà fi gbọ́.

Nígbà tó di Sátidé, Oebele ru àga kọjá sí òdìkejì. Ó ní òun ń bọ̀. Baukje dúró nídìí wíńdò, torí kò sí ibi tó lè jókòó sí. Sárà rẹ̀ ti tún sanra níwájú ilé Jikke, ó ń mì fún afẹ́fẹ́. Nínú ilé, gbogbo orúkọ tí báírò pupa gé ló jókòó yípo: pásítọ̀, oníbúrẹ́dì, àǹtí aláìléyín pàápàá ń fi ètè lá kéèkì. Láàárín wọn, lórí àga tí Baukje fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù, Oebele jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Baukje gbọ́wọ́ sókè. Jikke rí i. Ó dìde, ó wá sídìí wíńdò, ó sì fa kọ́tìnì, kọ́tìnì tuntun, bébà ẹ̀dínwó ṣì wà lára rẹ̀.