Jẹ́sì Tí Máníjà Ká Lórí Okùn

Láti ọjọ́ tí Ìyá Jẹ́sì ti ń fọ aṣọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà, kò fọ jẹ́sì kan rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ da inú rẹ̀ síta. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ kì í pẹ́ ṣí bí búrọ́ọ̀ṣì bá ń bá a fà á. Inú síta ló ń fọ̀ wọ́n, inú síta ló ń sá wọn, ó di àárọ̀ kó tó dá wọn padà sójú wọn, kó sì fi wọ́n kọ́ sára ìkọ́ nínú yàrá ìmúra. Àwọn agbábọ́ọ̀lù á wọlé, wọ́n á kàn nawọ́ mú aṣọ. Wọn ò mọ ohun tí ojú aṣọ rí kó tó débẹ̀, kò sì bínú sí wọn. Jẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Ògiri ló fà á. Ògiri ni wọ́n ń pe agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ń wọ nọ́ńbà márùn-ún, nítorí bó ṣe ga tó sì fẹ̀. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣì ku ọdún méjì, ṣùgbọ́n máníjà kò fẹ́ rí i sójú mọ́. Ó ní kó máa lọ sí ẹgbẹ́ kékeré kan, Ògiri ní òun ò lọ síbì kankan. Bí ẹgbẹ́ bá lé e, ẹgbẹ́ ló da àdéhùn, wọ́n á sì san owó ọdún méjì náà fún un. Bí òun fúnra rẹ̀ bá dà á, lọ́wọ́ òfo ni yóò lọ. Ibẹ̀ ni máníjà ń dọdẹ rẹ̀ sí.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò lọ́jú pọ̀. Agbábọ́ọ̀lù tí kò bá sí lórí pápá pẹ̀lú jẹ́sì ẹgbẹ́ lọ́rùn nígbà tí kóòṣì bá fun fèrè, kò wá síbi iṣẹ́ nìyẹn. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé ya. Wọ́n ti yí àsìkò ìdánrawò padà lẹ́ẹ̀kan láìsọ fún Ògiri. Lọ́jọ́ mìíràn, bọ́ọ̀sì gbéra bó ṣe ń sáré bọ̀, awakọ̀ ń wò ó nínú dígí. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Ògiri wá ń dé ṣáájú ẹni tó ń ṣí géètì.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, máníjà yọjú sí yàrá ìfọṣọ, ọkùnrin tí kò mọ̀nà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹ́sì nọ́ńbà márùn-ún, ẹ má kọ́ ọ lọ́la."

Ìyá Jẹ́sì gbé ojú sókè. "Kí ló dé, sà?"

"Kò sóhun tó dé. Tó bá béèrè, ẹ ní ẹ ò mọ ibi tó wà. Ẹ bá mi mú un wá."

"Kò tíì gbẹ, sà."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?"

Nígbà tó rí i pé obìnrin náà kò gbé ẹsẹ̀, ó lọ síbi okùn fúnra rẹ̀. Ìyá Jẹ́sì kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fọ báàfù tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí orúnkún ń dà á láàmú, Ògiri ló ń bá a gbé omi láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ tí ọ̀rá ń dún, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń dá àwọn jẹ́sì padà sójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá ìmúra, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó yí ọ̀kan padà, nọ́ńbà márùn-ún ló wò ó lójú. Ó pajú, ó tún un wò. Márùn-ún ni.

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ a máa hàn gba inú, ṣùgbọ́n òdìkejì ló ń hàn. Márùn-ún a dà bíi méjì, méjì a dà bíi márùn-ún. Nọ́ńbà méjì ni máníjà ká lọ. Ẹni tó sì ń wọ nọ́ńbà méjì ni àbúrò ìyàwó máníjà, èyí tí àwọn tó kù ń pè ní Àbúrò Mádààmù bí kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó jáde. Fóònù wà lápò rẹ̀. Bó bá pe máníjà, ọ̀rọ̀ á tún ṣe. Bó bá gbé jẹ́sì náà kọ́, òun ló kọ́ ọ, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ arúgbó àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnu báàfù yẹn náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ó di jẹ́sì náà mú, kò lè rìn síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Ògiri bá wọlé. "Màmá, ẹ kú àárọ̀. Orúnkún ńkọ́?"

"Ó sàn díẹ̀."

"Aṣọ mi kọ́ lẹ dì mú yẹn?"

"Òun ni."

Ó fi jẹ́sì náà kọ́ sára ìkọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ògiri nawọ́ mú un, ó sì wọ̀ ọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti wà létí pápá, ó ti gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò ẹni tí kò wá. Nígbà tó rí Ògiri, fóònù rọra sọ̀ kalẹ̀. Máníjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn Ògiri bí ẹni tó rí òkú. Kò pẹ́ tí Àbúrò Mádààmù fi sáré jáde, ìhòòhò ni àyà rẹ̀ wà.

"Jẹ́sì mi dà? Ẹ̀yin èèyàn, ta ló mú jẹ́sì mi?"

Kóòṣì yọ fèrè lẹ́nu. "Ẹni tí kò bá wọ jẹ́sì, kò wá nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ní kí n máa ṣe é nìyẹn." Máníjà ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó tún dá fèrè padà sẹ́nu.

Máníjà rìn lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí búùtù, ó mú ọ̀rá kan jáde, ó jù ú sí àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé aṣọ tútù sínú ọ̀rá mọ́jú rí á mọ irú òórùn tó gba ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì burú jù. Àbúrò Mádààmù wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fèrè dún, Ògiri wà lórí pápá.

Kò pẹ́ tí máníjà fi dé yàrá ìfọṣọ.

"Ìwọ obìnrin yìí, o mọ̀ pé mo ṣì í mú?"

Ìyá Jẹ́sì tó àbúrò ìyá máníjà, ọkùnrin náà kò sì pè é ní "ìwọ" rí. Obìnrin náà mọ̀ pé bí òun bá ní òun ò mọ̀, ó ṣeé ṣe kó gbà gbọ́.

"Lánàá, mi ò mọ̀, sà. Láàárọ̀ yìí, mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e kọ́."

"Máa lọ sílé. Má padà wá mọ́."

Ó tán nìyẹn. Máníjà jáde.

Nígbà tí Ògiri gbọ́, ó sáré wọlé pẹ̀lú òógùn lójú. "Màmá, wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn! Ẹ mú ìwé àdéhùn yín wá, agbẹjọ́rò mi á bá wa wò ó."

"Ìwé wo, ọmọ mi?"

Ó wá yé Ògiri. Nítorí àtilé òun nìkan, wọ́n yí àsìkò padà, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì sá, wọ́n jí jẹ́sì. Ti Ìyá Jẹ́sì kò gbà ju gbólóhùn méjì lọ. Ojú ti ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló ṣe é.

Ó dun Ìyá Jẹ́sì wọra, kò sì fi pamọ́. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó kó ike omi rẹ̀ àti sálúbàtà rẹ̀ sínú báàgì.

"Mú jẹ́sì yẹn lọ sílé lónìí, má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni," ó ní. "Bó o bá fẹ́ fọ̀ ọ́, da inú rẹ̀ síta o."