Ooru Tó Bá Ọmọ Mi Nínú Ṣọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi níbí, ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ ro ohun tí ojú mi rí nínú ooru fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á bo ojú mi, màá gbé fóònù sílẹ̀. Lónìí màá kọ ọ́ tán, bí mo tiẹ̀ ń sunkún.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé irun ni mò ń ṣe ní Agbowó. Àwọn stúdẹ́ǹtì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ọkọ mi, Ṣẹ́gun, tíṣà ni, jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Bódìjà là ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, abẹ́ páànù gan-an. Igi máńgòrò kan máa ń ṣíji bo fèrèsé wa tẹ́lẹ̀, àfi bí lándílọ́ọ̀dù ṣe gé e, ó ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oòrùn ti di àlejò wa, àlejò tí kì í lọ sílé!

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo bí Tiwalolú, àkọ́bí wa. Irun kún orí ọmọ náà bíi pé ó mọ iṣẹ́ tí ìyá ẹ̀ ń ṣe. Màmá mi wá láti Èkìtì láti wá bá mi wẹ ọmọ. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti wá wẹ ọmọ fún rí, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí? Ilé á kàn kún! Màmá gbé òrí wá, wọ́n gbé àdí wá, wọ́n tún kó fìlà olówùú àti ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun wá. Èmi gan-an, omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó mi, mo pariwo títí. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí àwọn náà ṣe fún àwọn.

Tí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tán, wọ́n á fi òrí pa á lára, wọ́n á wọ súwẹ́tà fún un, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, wọ́n á wá fi ṣọ́ọ̀lù dì í. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti fèrèsé pa. Atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ sí ìkókó, òtútù ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lára. Ní ìlú wa, lábẹ́ òkè, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń la èèyàn lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa, kò sì sí èyí tó kú nínú wa. Ẹ̀rí wo lèèyàn tún ń wá?

Mo sọ fún wọn pé, ẹ jọ̀ọ́ mà, ooru mú, ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé díẹ̀. Màmá wò mí tòkè-tilẹ̀. Wọ́n ní ọmọ mélòó ni mo ti bí rí? Mo bá fi fèrèsé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 

Ooru ọdún yìí kì í ṣe kékeré o! Lọ́sàn-án, páànù á máa ta pá-pá-pá lórí wa. Iná ò sí, fáànù kàn dúró gbagidi ni. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Ṣẹ́gun àti Màmá.

Ṣẹ́gun ní ọwọ́ ọmọ aráyé ló fà á. Ó ní èéfín mọ́tò, èéfín jẹnẹrétọ̀, epo tá à ń sun káàkiri ayé, igi tá à ń gé láìgbin òmíràn, gbogbo rẹ̀ ló lọ bo ayé bí ìgbà tí èèyàn fi kúbùsù bora lọ́sàn-án gangan.

Màmá ní irọ́ ńlá! Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn kan wà nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí odò ìlú gbẹ, tí wọ́n ń fi igbá wa ilẹ̀ kí wọ́n tó rí omi mu. Jẹnẹrétọ̀ ta ló wà lábúlé nígbà náà? Àbí mọ́tò kan ṣoṣo tó máa ń wá lọ́jọ́ ọjà ló mú odò gbẹ? Wọ́n ní bí ayé ṣe máa ń yí nìyẹn, ooru á mú, á tún rọlẹ̀, Ọlọ́run ló ni gbogbo rẹ̀.

Ṣẹ́gun á ní òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀rùn ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n èyí ti kọjá èyí tí wọ́n mọ̀. Màmá á ní ṣé ọmọ tí wọ́n bí lánàá ló fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀rùn han àwọn! Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, ó ń dùn mọ́ mi. Ọkọ tó lè bá àna rẹ̀ jiyàn tó báyìí, kí àna náà sì tún fi ẹran tó tóbi jù sínú ọbẹ̀ rẹ̀, ṣé ó pọ̀ níta ni?

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Màmá wẹ Tiwalolú, wọ́n dì í bí wọ́n ṣe máa ń dì í, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fèrèsé. Àwa yòókù wà ní pálọ̀. Ṣẹ́gun wọlé, ó nu òógùn, ó ní ooru yìí fẹ́ pa èèyàn. Bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Tọjọ́ náà le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi ń gbè sẹ́yìn Ṣẹ́gun, mo tún ń gbè sẹ́yìn Màmá, mo ń dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí sí. Màmá wá nawọ́ sí yàrá, wọ́n ní, "Ooru tẹ́ ẹ̀ ń pariwo yìí, ṣé kò mú ọmọ yẹn ni? Ẹ ò rí i bó ṣe ń sùn jẹ́jẹ́!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi, a rẹ́rìn-ín!

Ọmú mi ti kún, ó ń ro mí, mo bá wọlé lọ fún un lọ́yàn. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná janjan, ó sì gbẹ, kò sí òógùn kankan. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, kò fà á. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó la ojú díẹ̀, kò wò mí.

Mi ò mọ irú igbe tí mo ké. Ṣẹ́gun gbá ọmọ mú, a sáré sọ̀ kalẹ̀, a kó sínú takisí, Màmá ń bọ̀ lẹ́yìn láìwọ bàtà. Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan gba ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀lù. Súwẹ́tà. Fìlà. Ìbọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń jù wọ́n sílẹ̀ ni Màmá ń ṣà wọ́n. Ó béèrè bóyá fèrèsé ṣí níbi tí ọmọ sùn sí. Mo ní a tì í. Ó ní ooru ló mú un, pé ìkókó ò lè lé ooru kúrò lára bí àgbà. Wọ́n fi aṣọ tútù nù ún, wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n ṣe é, wọ́n ṣe é. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Tiwalolú mi lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ Ṣẹ́gun ló lọ sin ín, wọn ò jẹ́ kí àwa tá a bí i tẹ̀ lé wọn, bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Àwọn èèyàn ń wá kí mi. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Àmọ́ omi yẹn lórúkọ! Omi yẹn ní irun lórí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún mi mọ́.

Inú bí mi sí Màmá. Inú bí mi sí Ṣẹ́gun náà, tó mọ ooru gbogbo ayé, tí kò mọ ti yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àárọ̀ tí Màmá fẹ́ padà sí Èkìtì, wọ́n jókòó ní pálọ̀, báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn ò jẹun láti ọjọ́ yẹn, àfi omi. Wọ́n pe ọkọ mi. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Ṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ tó o máa ń sọ yẹn, ṣé òótọ́ ni? Ṣé lóòótọ́ ni ooru yìí kì í ṣe èyí tí mo mọ̀?"

Mo wo ojú wọn, ó sì yé mi. Bí ooru yìí bá jẹ́ ti àtijọ́, a jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ayé ló yí padà, a jẹ́ pé ohun tó gba gbogbo wa là náà ni wọ́n ṣe, tí kò bá ìgbà mu mọ́. Ìyá mi ń bẹ ọkọ mi pé kó borí àwọn nínú iyàn.

Ṣẹ́gun tó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kàn dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn ni.  Èmi ni mo dáhùn. Inú ṣì ń bí mi o, mi ò ní tàn yín. Mo ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀."

Wọ́n ní, "Kí ló dé tẹ́ ò jẹ́ kó yé mi?"

Ẹ gbọ́, a sọ ọ́. Ojoojúmọ́ la sọ ọ́! Àmọ́ iyàn la fi ń jà, kò sẹ́ni tó fà á dé orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn. Èmi gbà pé ọwọ́ wa wà nínú ooru yìí, ẹ̀yin lè ní kò rí bẹ́ẹ̀, a ṣì máa jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Ẹ bọ́ fìlà lórí ìkókó nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jókòó ti ìyá yín, kí ẹ fi sùúrù ṣàlàyé, láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ nínú ooru báyìí, báwo lẹ ṣe bá ìyá yín sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Èmi á kà á fún Màmá lórí fóònù. Àbúrò mi obìnrin ti lóyún báyìí, ó ku díẹ̀ kó bí, Màmá sì ti ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ìkókó mọ́ láyé àwọn. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ wọ́n.