Kànga Tí A Fi Símẹ́ǹtì Dé

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé èmi ni mo wá ipò nínú kọmité àwọn òbí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tí ẹni tó ni í kò bá tò, ẹlòmíràn ni yóò bá a tò ó, yóò sì fi ẹsẹ̀ sí ibi tó yẹ kí orí wà.

Ọ̀nà Aguidi ni abúlé náà wà, ní ilẹ̀ Sakété. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ nígbà tí mo di olùkọ́, tí irùngbọ̀n mi kò tíì kún. Kíláàsì mẹ́ta péré ni wọ́n ní nígbà náà, àti kànga kan lẹ́yìn ilé tí àwọn òbí fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́. Inú kànga yẹn ni ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì mi kú sí, ní àsìkò ìsinmi, nígbà tí kò sí olùkọ́ kankan lọ́gbà. Ó lọ fa omi tí yóò fi fọ aṣọ kakí rẹ̀ de ọjọ́ ìwọlé. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí.

Mo gbọ́ ní Sakété, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n ti gbé e jáde kí n tó dé. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kò lóyún nínú wọn ní ọmọ ọwọ́ nílé, wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan òkú ọmọdé. Nítorí náà, èmi àti àbúrò bàbá rẹ̀ la sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú oko ọ̀pẹ. A kò fi ibẹ̀ han ìyá rẹ̀. A kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe é.

Ọjà Pobè ni ìyá náà wà nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Nígbà tó dé, àwọn obìnrin dì í mú, wọ́n mú un wọ yàrá, wọ́n sì jókòó tì í fún ọjọ́ púpọ̀. Kó tó jáde, wọ́n ti da símẹ́ǹtì lé ẹnu kànga, pẹrẹsẹ, bí ẹni dé ìkòkò.

Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é tẹ́lẹ̀, bí a ṣe ń pe gbogbo ìyá. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun yóò pè é mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí i, wọn á kàn ní, "Ẹ káàárọ̀ o," wọn á sì yára kọjá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀wà àti gààrí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò tíì bí lọ́dún ikú yẹn ló sọ ọ́ ní Ìyá Ẹlẹ́wà. Gbogbo abúlé gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba omi tútù.

Èmi ti lọ ní tèmi. Wọ́n gbé mi lọ sí Pobè, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gba gbogbo ìtàn òkú gbọ́, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ọmọdé wí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn tẹ̀ lé mi dé Pobè. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè, á fi ọwọ́ òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ró, bí ẹni pé ọwọ́ náà wúwo jù fún un. Kò sí ọdún kan tí n kò rí ọmọ kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì mi, òun náà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ pè, kó lè tètè sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà mìíràn, ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo kíláàsì bá dákẹ́ tí wọ́n ń kọ ohun tí mo ń pè fún wọn, màá gbọ́ tí okùn ń ha igi lẹ́yìn ilé. Kò sí kànga lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Pobè.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí ilé bàbá mi ní Sakété. Mo ń gbin àgbàdo, mo ń gbin ẹ̀gẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìpàdé. Ọjọ́ kan ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé yẹn, dirẹ́tọ̀ wọn, wá kí mi. Obìnrin ni, mo sì kọ́ ọ rí ní Pobè; Mẹ̀tírì, bí a ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ló ṣì ń pè mí.

"Mẹ̀tírì, ẹ kú ìsinmi."

"Ìsinmi wo? Wo àtẹ́lẹwọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ tán kó tó jókòó. Ó ní kantíìnì wọn ní ìrẹsì, ó ní ẹ̀wà, ó ní òróró, omi ni kò ní. Àwọn ọmọ ló ń ru omi láàárọ̀ nínú bídọ́ọ̀nù láti ibi pọ́mpù etí títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Láìpẹ́ yìí, ọkọ̀ kan fọ́ bídọ́ọ̀nù mọ́ ọmọbìnrin kan lọ́wọ́. Ọmọ náà ṣubú sínú kòtò, ó dìde, ó ń sunkún nítorí bídọ́ọ̀nù.

"Bí ọkọ̀ mìíràn bá tún dé, Mẹ̀tírì, bóyá bídọ́ọ̀nù nìkan kọ́." Ó wo ilẹ̀. "Kànga kan wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kọmité wa kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní nítorí Ìyá Ẹlẹ́wà. Ẹ bá mi wá, kẹ́ ẹ kàn wá jókòó."

Mo tẹ̀ lé e lọ. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, mo rìn yí ẹ̀yìn ilé. Àwọn ọmọ kan dọ̀bálẹ̀ lé orí símẹ́ǹtì náà, wọ́n fi etí tì í, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá pè, ẹnì kan ń dáhùn nísàlẹ̀. Mo fi pẹ̀lẹ́tù yé wọn pé ohùn ara wọn ni. Ohùn máa ń wọlé láti ojú ihò, á sì padà. Wọ́n gbà, wọ́n sá lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fi ọwọ́ wá gbogbo etí símẹ́ǹtì náà yípo. N kò rí ihò kankan.

Kíláàsì ni a ti ṣe ìpàdé, àwọn àgbààgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún wọn ga dé àyà. Bàbá àgbẹ̀ kan, tó dàgbà jù wọ́n lọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Obìnrin yẹn kò ní gbà láéláé."

"Ṣé ẹ ti bi í, Bàbá?"

"Háà! A kì í bi irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá sọ fún yín pé kò ní gbà?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Káfíńtà kan, ará ìjọ aláṣọ funfun, ní, "Ẹ̀wà rẹ̀ náà ńkọ́? Bí kantíìnì bá ń sè lójoojúmọ́, ta ni yóò máa ra ẹ̀wà?"

"Ìwọ tó ń jẹ àwo méjì kí oòrùn tó yọ," ni Bàbá dá a lóhùn, "ìwọ nìkan tó ọjà fún un."

Ẹ̀rín sọ, káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Bàbá kọjú sí mi.

"Mẹ̀tírì, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lè bi í."

"N kò sí nínú kọmité yín."

"Ṣé nǹkan tó le nìyẹn? A ò kúkú ní ààrẹ láti ìgbà tí tàtijọ́ ti kó lọ. Ẹni tó bá fara mọ́ Mẹ̀tírì, kó na ọwọ́ sókè!"

Gbogbo wọn na ọwọ́. Pátákó ìkọ̀wé ni mo kọjú sí. N kò lè wo ọwọ́ wọn. Bí mo ṣe di ààrẹ nìyẹn: wọ́n ní ìbéèrè kan tí ẹnu wọn kò gbà, wọ́n sì wá ẹnu.

Mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́wà lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọjà rẹ̀ tán, tó ń ha ìdí ìkòkò. Ó fi àpótí lé mi lọ́wọ́ kí n tó kí i tán.

"Ẹ jókòó, Mẹ̀tírì. Ẹ̀yin náà ti darúgbó."

"A dúpẹ́, Ìyá. Ó sàn ju kéèyàn má dàgbà lọ." Bí ó ti jáde lẹ́nu mi ni mo fẹ́ gbé e mì padà.

Kò bínú. "Kànga lẹ bá wá," ló wí.

"Kànga ni."

"Wọ́n ní n kò ní gbà, àbí?"

"Wọ́n ní a kì í bi yín."

"Ẹ gbọ́ ná. Bí mo bá ti yọ lọ́nà báyìí, gbogbo wọn á ju ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí iṣu gbígbóná. Wọn kì í pe kànga níwájú mi. 'Ibẹ̀ yẹn' ni wọ́n ń pè é. Èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́." Ó da omi ìkòkò nù. "Ọmọ mi wà nínú rẹ̀."

"Ìyá, kò sí nínú rẹ̀. A gbé e jáde."

"Ta ló rí i?"

"Èmi rí i."

"Ojú tiyín nìyẹn. Èmi fi ọmọ sílẹ̀, mo lọ sọ́jà. Mo dé, wọ́n tì mí mọ́lé. Mo jáde, símẹ́ǹtì ni mo bá. Kí lẹ fẹ́ kí ojú tèmi gbà gbọ́? Ẹ ò bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi ń ta ẹ̀wà níbí? Ṣé n kò mọ̀ pé ọjà yá ní ibùdókọ̀ Sakété? Ibi tó ti lè gbọ́ ohùn mi ni mo jókòó sí."

Mo ti bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tún ọ̀rọ̀ ṣe láyé mi, ṣùgbọ́n n kò lè tún ìyẹn ṣe.

"Ẹ ṣí i," ló wí nígbẹ̀yìn. "Àwọn ọmọ nílò omi. Ṣùgbọ́n èmi ni màá kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa garawa kan."

Èyí ni kọmité kò fẹ́ gbà. Wọ́n ní kí a rán an lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Pobè lọ́jọ́ náà, kó má bàa rí ohun tí kò yẹ kó rí. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Àánú yẹn kan náà ni wọ́n fi tì í mọ́lé níjọ́sí.

"Sàréè ni àṣà ní ká má fi han òbí," ni mo sọ fún wọn. "Kànga kì í ṣe sàréè."

Bàbá àgbẹ̀ mi orí títí. "Ẹ rí i bí Mẹ̀tírì ṣe fi ìwé dè wá lọ́wọ́ dè wá lẹ́sẹ̀," ló wí. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni a ṣí i. Káfíńtà gbàdúrà ní apá kan, Bàbá ta omi sílẹ̀ ní apá kejì, wọn kò wo ojú ara wọn. Agbẹ́kànga tí a háyà fi òòlù fọ́ símẹ́ǹtì náà láti etí wá sí àárín. Afẹ́fẹ́ tó jáde tutù, ó ń rùn bí òjò àtijọ́. Agbẹ́kànga kọ́kọ́ so fìtílà mọ́ okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ láti wò ó bóyá iná yóò kú. Iná kò kú. Lẹ́yìn náà ló mú dígí kan jáde láti inú àpò, ó fi gba oòrùn, ó sì da ìmọ́lẹ̀ náà sínú ihò.

Ìyá Ẹlẹ́wà tú gèlè rẹ̀, ó fi di ìbàdí. Mo dì í mú ní apá kan, dirẹ́tọ̀ dì í mú ní apá kejì. Ó tẹ̀ wò ó. Ìmọ́lẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó kọjá gbòǹgbò, ó dé orí omi, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ mú un lọ sápá ibí yìí," ló wí. Agbẹ́kànga yí dígí. "Ibẹ̀ yẹn náà. Ẹ tún un mú padà."

Ó wò ó pẹ́. Ó wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí tí ó ti mọ̀ pé ó ṣófo.

"Omi ni," ló wí.

"Omi ni, Ìyá."

"Omi lásán." Ó nàró. Kò sunkún. Èmi ló kọjú sí. "Níbo wá ni ẹ gbé e sí?"

Bàbá àgbẹ̀ wúkọ́. "Ìyá Ẹlẹ́wà, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn ń wò mí. Bàbá ọmọ náà ti kú tipẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ tí a jọ sin ín náà ti kú. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ ibẹ̀. Àṣà ní kí n má sọ ọ́, obìnrin náà sì ń dúró.

"Mo mọ ibẹ̀," ni mo wí.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Ẹ má tíì sọ ọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo mọ ibi tó wà. Òní yìí lẹ mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ rọlẹ̀ nínú mi ná. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gbọ́, màá bi yín." Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Kí ẹ ṣáà wà nítòsí."

Omi náà dára. A fa èyí tó wà níbẹ̀ dànù, wọ́n tún ìdí rẹ̀ gbẹ́, a mọ ògiri yí ẹnu rẹ̀, a sì fi irin ṣe ọmọrí tó ní kọ́kọ́rọ́. Kantíìnì ń sè. Àwọn ọmọ kò lọ sí etí títì mọ́. Ìyá Ẹlẹ́wà ṣì ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n títì ló kọjú sí báyìí, ó kẹ̀yìn sí ilé-ẹ̀kọ́. Mo máa ń lọ wo okùn àti ọmọrí láàárọ̀. Á kí mi, á sọ bí ẹ̀wà ṣe gbówó lórí, ẹnu mi ni yóò sì máa wò.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gé àwọn ọ̀pẹ àtijọ́ inú oko yẹn, wọ́n ti gbin òmíràn. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i dájú pé mo ṣì mọ ojú ibẹ̀. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo rìn kọjá, mo padà, mo dúró pẹ́ kó tó dá mi lójú. Ẹ̀rù bà mí, ó sì ń bà mí dòní.

Nígbà tí sáà kọmité wa parí, àwọn ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Kútọnú, pé ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dáadáa mọ́. Dirẹ́tọ̀ pe ìpàdé, ó bi wá pé ta ni yóò tún ṣe ààrẹ. Mo dìde kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ní èmi ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Káfíńtà ní ipò ti wọ Mẹ̀tírì lára. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Ìyá Ẹlẹ́wà ń kó àwo rẹ̀ jọ, ó ń múra àtilọ sílé. Kò tíì bi mí.