Ìrìnàjò Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Fàráńdà

Ẹ wá ibi jókòó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro kí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó gbé ife lọ́wọ́ kí ó gbé e sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Òórùn méjì ni ó máa ń gbé mi padà síbẹ̀: òórùn awọ àpótí ìrìnàjò tuntun, àti òórùn gààrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé ilé kejì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nímú mi, ibi yòówù kí n wà, fàráńdà ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń bá ara mi, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tí ṣọ́ọ̀kì funfun sì ń ta eruku sí mi ní ìka.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Páànù òrùlé ni wọ́n ń tà. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n sì dàgbà sí. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bá kó ẹ̀wà àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya kì í fẹ́ padà lófìfo, páànù ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa ń rù lọ. Báyìí ni páànù ṣe ń lọ sí Jọ́ọ̀sì, tí ó ń lọ sí Bauchi, tí ó ń gun òkè ilẹ̀ Tàrábà, tí ẹni tí ó tà á kò sì kọjá Èkó àti Ìbàdàn, bí a bá yọ Mẹ́kà kúrò. “Páànù mi ti rìnrìn àjò jù mí lọ,” ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì fi oríkèé ìka gbá páànù tí ó wà nítòsí, yóò dún gbọ̀ọ̀. Ọkọ wọn ti ṣaláìsí. Ọmọ wọn ọkùnrin ń bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wọn obìnrin wà ní Kánádà, nǹkan sì ń ṣẹnuure fún un.

Ojú ni ó fa gbogbo rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń gbà wọlé láti ọjọ́ pípẹ́. Ife tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ wọn a gbá a dànù, wọn a wá máa bú ẹni tí ó gbé e síbẹ̀. A lọ rí dókítà ojú. Ó ní àìsàn náà ń ti etí ojú wọlé bọ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa kọ́tìnì láti ọ̀tún àti láti òsì, pé oògùn tí à ń kán sójú lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti lọ ti lọ. “Màmá, bí ohun kan bá wà tí ẹ fẹ́ rí,” ó ní, “ẹ tètè lọ rí i.” Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Inú ọkọ̀ ni a wà, tí à ń bọ̀ nílé, nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn mí nítan.

“Tíṣà, orí òkè ni mo fẹ́ dé. Òkè gidi. Mo fẹ́ dúró lókè kí n wo òrùlé àwọn ènìyàn nísàlẹ̀. Gbogbo páànù tí mo tà, mi ò rí wọn láti òkè rí.”

Èmi tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Mo mọ ibi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀, mo lè fojú pípadé ya odò Ọya àti odò Bẹ́núè. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wọn tí ó wà ní Kánádà pè, tí ó ní òun yóò san owó ìrìnàjò náà, pé kí a má jẹ́ kí màmá òun wọ ọkọ̀ ìyà, pé ibi tí ó dára jù lọ ni kí wọ́n máa sùn, èmi ni wọ́n ní kí n tò ó. Mo kúnlẹ̀ lórí fàráńdà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo Nàìjíríà sórí sìmẹ́ńtì, láti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn títí dé àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, wọ́n ń yí orí kiri bí adìẹ kí ojú wọn lè ká a tán.

Bí a ṣe tò ó nìyí. Ọkọ̀ ojú omi onítìmùtìmù ni yóò gbé wọn láti Ẹ̀pẹ́ rìn lórí ọ̀sà, kí wọ́n rí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró nínú omi. Láti ibẹ̀, àpáta Ìdànrè. Lẹ́yìn náà, Òkè Obúdu, níbi tí ọkọ̀ kan ti ń rìn lórí okùn irin lójú òfuurufú, tí ènìyàn sì ń jí láàárọ̀ kí ìkùukùu máa kan fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Mọ̀nbílà ní Tàrábà, níbi tí tíì ti ń hù bí kápẹ́ẹ̀tì, tí òtútù ń múni lóṣù gbogbo. Lẹ́yìn náà, igbó erin ní Bauchi, àti ìsun omi gbígbóná tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níkẹyìn, iyanrìn Yóbè, tí kò sí igi, tí kò sí ilé, àfi ojú ọ̀run. Obìnrin ilé-iṣẹ́ ìrìnàjò kan l'Ékòó ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú, ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ yóò máa tẹ̀ lé, ó sì sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ.

“Màámi, oríṣiríṣi oúnjẹ òyìnbó ni wọn yóò tò síwájú yín láàárọ̀.”

“Ṣé omi tútù wà níbẹ̀?” ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

“Ó wà dáadáa, Mà.”

“Ó parí. Gààrí mi ń bẹ lọ́wọ́ mi.”

Obìnrin tí ó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. “Alhaja, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sùn nínú ìkùukùu, ẹ bá wa bu díẹ̀ bọ̀ o!” Inú wa dùn nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ra àpótí aláwọ, wọ́n ra súwẹ́tà tí ó nípọn bí kúbùsù fún òtútù Mọ̀nbílà, ọmọ wọn sì fi awò olójú méjì ránṣẹ́ láti Kánádà, èyí tí ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ni, kí wọ́n lè fi wo erin àti òrùlé.

Ṣùgbọ́n nílé tiwa, àgbà kì í ṣe ìrìnàjò tí ó jìn bẹ́ẹ̀ kí ó má dágbére fún àwọn ìdílé, lójúlé lójúlé. Bí o bá fi fóònù dágbére, àfojúdi ni. A kọ́kọ́ lọ sí Ayépé, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin, arúgbó tí kò léyín mọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ní bí a bá gba Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, a ò gbọdọ̀ kọjá ilé ọmọ àwọn. A dé Ìbẹ̀fún, níbi tí wọ́n ti bí ìyá wa, wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn mú ewé tíì tútù bọ̀ láti orí òkè, ẹ̀gbọ́n mi sì ṣèlérí. Níbi gbogbo, bí a ṣe fẹ́ dìde ni wọ́n ń ní kí a jókòó. Bí mo bá ti délé, n ó tún fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tuntun, títí ọ̀nà náà fi wá ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun àgùntàn.

Odògbólú ni a lọ gbẹ̀yìn, sọ́dọ̀ olórí ẹbí wa. Bàbá gbọ́ ohun gbogbo, wọ́n mi orí. Wọ́n wá ní, “Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ojúde Ọba tẹ̀ lé e. Ìwọ tí o jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ rẹ! Kí ẹgbẹ́ yín dé iwájú Ọba, kí wọ́n bèèrè ìyá wọn, kí wọ́n ní ó ń wo erin?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n di etí aṣọ wọn mú.

“Bàbá, ojú mi ni mò ń sáré bá,” ni wọ́n wí.

“Ojú rẹ yóò ríran. Ṣe Ojúde Ọba tán kí o lọ. Òkè ò ní ṣí kúrò níbẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀bú lè bi mí pé kí ló dé tí a ò fi kàn máa lọ. Ẹ ò mọ ohun tí ó jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wà ní òkè òkun ń fò wálé nítorí ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá wà nílé, tí ó ní ẹsẹ̀, tí ó wá kó ẹrù jáde nílùú nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń tò lọ kí Ọba, orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́ kò ní kúrò lára ọmọ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ó tọ́, àbí?” Mo ní, “Ó tọ́.” Bí ẹ bá tún bi mí lónìí, n kò mọ ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá sọ.

A dúró. Kọ́tìnì náà kò dúró. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì tún ìlà náà fà kí ó nípọn sí i, nítorí wọ́n ń sọ pé n kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà tí Ojúde Ọba dé, ẹgbẹ́ wọn jáde, ó sì dùn ún wò. Ìbọn ń dún, ẹṣin ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, eruku pupa àti òórùn ẹ̀tù bo gbogbo pápá. Àwọn ojúgbà ẹ̀gbọ́n mi méjì di ọwọ́ wọn mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ìyàwó. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ gèlè, wọ́n fi lé itan, wọ́n ní, “Ẹṣin kan ṣoṣo ni mo rí. Ibi kan ni ó ti yọ, ibi kan ni ó wọ̀. Ó dà bí ẹni tí ó ń yọjú láti ihò ìṣó páànù.”

Mo pe obìnrin Èkó ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí a fara balẹ̀ díẹ̀, àwọn ajínigbé ti jáde ní ojú ọ̀nà kan tí a fẹ́ gbà, kí ara rọ̀ kí a tó gbéra. Ara kò tètè rọ̀. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí ó wá pè pé a lè lọ, a kó aṣọ sínú àpótí, òórùn awọ rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, oòrùn ti mú, ẹ̀gbọ́n mi jáde láti wá jókòó. Láti ìgbà tí mo ti ya ilẹ̀ náà, ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́, wọn kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n tẹ Jọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ Bauchi, wọ́n fẹsẹ̀ wọ́ Mọ̀nbílà, wọ́n sì ń fọwọ́ wá apá àga.

Mo dìde, mo fi apá àga náà sí wọn lọ́wọ́.

“Mo tẹ̀ ẹ́, àbí?”

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọmọ wọn tí ó wà ní Kánádà ní kí a ṣì lọ, pé afẹ́fẹ́ orí òkè yóò fẹ́ sí wọn lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Kí n lọ máa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ó dára?” Èmi náà gbìyànjú. Nírọ̀lẹ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún wọn bí mo ṣe ń rò ó fún àwọn ọmọ iléèwé: bí ìkùukùu ṣe ń dìde, bí òrùlé ṣe ń tàn nísàlẹ̀ bí ẹja nínú omi. Mo rò pé ohùn mi dùn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Má sọ ọ́ mọ́, Tíṣà. Ìwọ náà kò débẹ̀ rí.”

Òótọ́ ni, n kò débẹ̀ rí. A jókòó, a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gààrí.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ. Àìsàn tí kò le ni, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò bá a jà. Àwọn èrò ìsìnkú kún fàráńdà, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Nígbà tí wọ́n ká ẹní tán, ẹsẹ̀ ti pa gbogbo ilẹ̀ tí mo yà rẹ́, ó ku Yóbè díẹ̀ lábẹ́ àga. Arúgbó Ayépé wà níbẹ̀, wọ́n ń fi etí ìborùn nu ojú, wọ́n ń ní, “Ẹ wá wo nǹkan! Ó ti dágbére fún wa. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ni ó dé. Ó mọ̀ pé òun ń lọ.” Bàbá olórí ẹbí náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni rere kì í lọ láìdágbére. Ọ̀rọ̀ náà tù wọ́n nínú, ó sì tàn ká. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí ó fẹ́ padà wálé ni ó dágbére fún wọn. Ó ṣèlérí tíì fún ará Ìbẹ̀fún.

Ọmọ ọkùnrin ni ó jogún ṣọ́ọ̀bù, páànù sì ń lọ sí Òkè Ọya gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lọ. Ọmọ obìnrin gbé àpótí aláwọ padà sí Kánádà, nínú gbogbo ẹrù náà, àpótí yẹn nìkan ni ó sì rìnrìn àjò. Awò olójú méjì di ti ọmọ-ọmọ wọn, ẹṣin Ojúde Ọba ni ó ń fi wò. Èmi ni wọ́n fún ní súwẹ́tà. Mo gbé e kọ́ sára ògiri yàrá mi. Ìjẹ̀bú-Òde kò tutù tó bẹ́ẹ̀, n kò wọ̀ ọ́ rí.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ pé n ó gbé e lọ sí Mọ̀nbílà, n ó wọ̀ ọ́ sórí òkè, n ó wo òrùlé nísàlẹ̀. Mo ti darúgbó, ẹsẹ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ dára, ojú mi ṣì ń ríran. Mo sọ ọ́ fún olórí ẹbí tuntun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ó dára púpọ̀, kí n kàn jẹ́ kí a ṣe Ojúde Ọba tán. Mo ní, “Ó tọ́.”