Òkúta Tí Màmá Ní Kí N Pa Orúkọ Rẹ́ Lára Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Lọ́kọ́ja, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá kiri ṣeré láàárọ̀ Sátidé, òkúta ni èmi ń fọ̀ ní tèmi. Itẹ́ òkú ni òkúta náà wà. Wọ́n gbé e kalẹ̀ fún àwọn ṣọ́jà tó kú nínú ogun abẹ́lé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn. Ìyá mi àgbà, tí mò ń pè ní Màmá, ló ń mú mi lọ. Báyọ̀dé, àkọ́bí rẹ̀, lọ sógun náà, kò padà, a kò sì rí òkú rẹ̀. Màmá gbà pé abẹ́ òkúta yẹn ló wà.

Ìyá Ojonugwa, obìnrin Ìgálà kan tó ń ta ẹja yíyan ní Old Market, gbà pé Ojonugwa ọmọ tòun, tí òun náà lọ sógun, ló wà níbẹ̀. Wọn kò bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀ rí. Màmá á fọ iwájú, Ìyá Ojonugwa á fọ ẹ̀yìn, èmi á máa pọn omi. Tí a bá ṣe tán, wọ́n á ra màsà gbígbóná, àkàrà ìrẹsì, fún mi. Nítorí màsà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í jí mi kí n tó jí.

Àmọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo ṣe mọ̀wé kọ báyìí, mo jí ọ̀dà dúdú bàbá mi, mo kọ BÁYỌ̀DÉ gàdàgbà sí iwájú òkúta náà. Màmá kò mọ̀wé, mo bá kà á fún un. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ń pe orúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn, mo ti ń retí màsà méjì. Ìyá Ojonugwa dé, ó bi mí pé kí ni mo kọ. Mo kà á sókè. Ó gbé garawa rẹ̀, ó yí padà sílé.

Màmá wò ó títí tó fi lọ, ó wá fa etí mi.

"Lọ gbé kẹrosíìnì àti iyanrìn wá. Tí orúkọ ọmọ tèmi bá gba ibẹ̀, níbo ni ọmọ tirẹ̀ yóò sùn?"

Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Màmá náà ń bá mi fọ̀ ọ́, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Ojonugwa. Ní Sátidé kejì, obìnrin náà dé tòun ti garawa, ó fi ìkíni àwa ará Òkun kí wa: "Òkun o."

Ayé ti yí padà. Fóònù ni ọmọ mi ń tẹ̀ ní Sátidé, inú ọ̀rá ni a sì ti ń mu omi. Àwọn ìyá méjèèjì ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọ náà lọ sídìí òkúta, ó bi mí pé èwo ni tiwa níbẹ̀. Mo na kànìnkànìn sí i, mo ní kó kọ́kọ́ fọ ẹ̀yìn.