Adúmáadán Nídìí Ààrò Púpurú Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí ààrò nígbà tí mo ṣì lágbára. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà.

Àkọ́bí mi obìnrin, Fúnkẹ́, bímọ ní Osooro. Púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a dì ní ìṣù tí a sì fi èéfín yan, tí wọn yóò fi ṣe àlejò níbi ìkómọ, ọrùn èmi ìyá rẹ̀ ló wà. Ẹ sì mọ ẹnu àna! Bí púpurú náà bá bàjẹ́, títí ayé ni wọn ó máa sọ fún ọmọ mi pé ìyá rẹ̀ kò mọ oúnjẹ ṣe.

Mo mọ ààrò tuntun. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni mo fi mọ ọ́n, láàárín ilé ìdáná, jìnnà sí ògiri. Mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí n tó dáná kékeré sí i. Mo gbé àjà tí a ń to púpurú lé sókè iná, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ òrùlé, torí imọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀ la fi bo ilé ìdáná wa. Mo to ìṣù púpurú lé àjà, igi gbígbẹ mẹ́ta péré ni mo sì kì bọ ààrò. Èéfín àti ooru ló ń yan púpurú, kì í ṣe iná ńlá.

Ìgbà náà ni Adúmáadán dé láti Àyèká láti wá ràn mí lọ́wọ́. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í dárúkọ àbúrò ọkọ, orúkọ tí mo fún un nìyẹn. Sítóòfù kẹrosíìnì ló ń lò nílé tirẹ̀, ó fẹ́ kí iná ga lójú ẹsẹ̀.

“Ìyàwó, iná lo pe èyí?”

Mo ní, “Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.”

Kí n tó yíjú, ó ti ti igi wọlé. Mo fà á jáde. Mo lọ pọnmi, mo dé, igi ti wọlé padà! Ṣé kí n bú u ni? Ta ni ìyàwó tó ń bú àbúrò ọkọ? Mo fẹjọ́ sun ọkọ mi. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé àbúrò òun fẹ́ràn iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ wo!

Lọ́jọ́ kejì mo jáde lọ wá ewé. Nígbà tí mo padà, Adúmáadán ti da agbọ̀n ìhá kan, pàǹtí ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀, sínú ààrò mi. Epo ṣì wà lára rẹ̀! Iná fò sókè, ó lá àjà, ó ń nàgà sí òrùlé. Mo pariwo! Mo fa igi jáde, mo da iyanrìn tí mo máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà lé iná lórí. Òun náà gun àpótí, ó ń fi ìró tútù gbá imọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ nígbà tí èéfín rọlẹ̀: “Má da ara rẹ láàmú, ìyàwó. Ṣebí a máa ń ha ẹ̀yìn rẹ̀ dànù náà ni.”

Òótọ́ ni, a máa ń ha ẹ̀yìn dúdú púpurú kí a tó gún un. N kò bá a jiyàn. Mo mú ẹyọ kan, mo là á sí méjì, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí èédú, inú rẹ̀ tutù bí ògì.

Ó wò ó, ó wò mí. “Ìyá Fúnkẹ́, kí la máa ṣe báyìí?” Kò pè mí ní ìyàwó mọ́ o!

A ha dúdú rẹ̀ kúrò, a tún inú rẹ̀ dì, a dá iná jẹ́jẹ́ sí i. Adúmáadán fúnra rẹ̀ jókòó sídìí ààrò. Nírọ̀lẹ́ ọkọ mi wọlé, ó na ẹsẹ̀ láti ti igi síwájú.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀!” Adúmáadán ló lọgun. “Ṣé ẹ fẹ́ kí inú rẹ̀ tutù ni?”

Púpurú kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé Osooro, àwọn àna sì jẹ ẹ́, wọ́n tún bu òmíràn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ààrò yín jìnnà sí ògiri, ẹ má da ohun tó lépo sínú rẹ̀, kí iyanrìn má sì jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá ń ti igi yín bọ iná, ẹ má bá a pariwo, ẹ la inú púpurú hàn án. Ta ni ń ti igi nílé tiyín? Ẹ sọ fún mi o, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́!